Ẹnu Àbúrò Ọkọ

"Sọ fún un pé èmi nìkan ni mo máa gbọ́ ohun tó bá sọ."

Dókítà òyìnbó tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ní àdúgbò Albarika, ní Parakou, lọ́dún kẹta òmìnira, ló fi Faransé sọ bẹ́ẹ̀. Opó kan ló wá rí i; àbúrò ọkọ opó náà, tó fẹ́ ṣú u lópó tipátipá, ni ògbufọ̀.

"Ìyàwó, ó ní kó o fọkàn balẹ̀."

"Bi í pé ta ló ń dẹ́rù bà á."

"Ó ní ṣé ò ń rí oorun sùn?"

Opó náà kọjú sí dókítà, ó fi Faransé tó fi ń tajà lọ́jà Arzèkè sọ ọ́ ketekete: "Ọkùnrin yìí ni."

Dókítà gbójú sókè nínú ìwé rẹ̀, ó yíjú sí ògbufọ̀.

"Kí ló wí?"