Òkè Kò Mọ Ọmọ Onílé

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní ka ìtàn yìí tán, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìparí ló dùn jù.

1. Ọdún mẹ́fà ni Rabten fi ń dáná nílé oúnjẹ kan ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nígbà òtútù, lọ́jọ́ kejì Losar, ọdún tuntun wọn, ó padà sí Dzakar, ìlú wọn tó wà lókè téńté ní Tibet. Bàbá rẹ̀ ti kú. Òun ni yóò so àsíá àdúrà ilé wọn, aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbé àdúrà ara rẹ̀ lọ, mọ́ orí òkè lọ́jọ́ kẹta ọdún. Èyí tí bàbá so ti gbó, ọkàn ìyá kò sì balẹ̀.

Ìyá gbé tíì oníbọ́tà fún un. "Jókòó, ọmọ mi. Má wẹ̀, má sáré. Afẹ́fẹ́ òkè yìí fẹ́lẹ́, jẹ́ kí ara rẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó wà."

Rabten rẹ́rìn-ín. "Ìyá, àlejò ni òkè ń bá jà. Ibí ni ẹ bí mi sí."

Ló bá gbé omi kaná, ó wẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀, ó sì mu ọtí báálì lé e.

2. Ilẹ̀ mọ́, orí ń fọ́ ọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ wo ìgbéraga! Yangzom, àbúrò rẹ̀ obìnrin, di àsíá sẹ́yìn, ó ń gun òkè jẹ́jẹ́.

"Ìyá àgbà, a ó pàdé lókè," ni Rabten fi ṣe àbúrò rẹ̀ yẹ̀yẹ́, ló bá bẹ́ sí eré.

Kò pẹ́ tó fi ń rìn tàgétàgé bí ọ̀mùtí, ètè rẹ̀ sì ti dúdú. Yangzom bi í ní orúkọ ìyá wọn, kò rántí. Orí òkè kò jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà yíjú padà, ó fà á lé èjìká, ó ń sunkún.

"Fi mí sílẹ̀, lọ so àsíá."

"Pa ẹnu ẹ mọ́. Àsíá ò ní sá lọ. Ìwọ lo fẹ́ lọ."

Aládùúgbò kan fi ọkọ̀ gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì lọ́jọ́ náà. Afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni ojú Rabten ti là. Ojú sì tì í gan-an, nítorí àsíá kò dé orí òkè lọ́dún yẹn.

3. Losar mìíràn dé. Rabten tètè wálé, ó jókòó ti ààrò, kò wẹ̀, irun rẹ̀ dọ̀tí, ó ń mu tíì.

"Ṣé o bímọ ni?" làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bi í.

"Mo ń tọ́jú ara mi bí abiyamọ," ló fèsì.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ọdún, ẹ̀yìn Yangzom ló wà. "Ìyá àgbà, rọra o, mò ń bọ̀." Wọ́n rọra títí wọ́n fi dé òkè. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi so àsíá náà. Afẹ́fẹ́ gbé e, wọ́n da ìyẹ̀fun báálì sókè gẹ́gẹ́ bí àṣà, gbogbo èrò tó wá so àsíá tiwọn kígbe pé, "Àwọn òrìṣà ti borí!" Ìyá rí àwọ̀ àsíá náà látorí òrùlé ilé wọn tó tẹ́jú, ó sì ń jó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kúrò nílé tipẹ́, ẹ má fi "ọmọ ibí ni mí" pa ara yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sinmi, ẹ sinmi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.