Irọ́ Tí Ardith Kọ Nípa Omi Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ kà á dé ìsàlẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Ìlú wa létí odò, Haskett Ferry ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ló ti ṣẹlẹ̀, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì tíì jinná.

1.
Láti kékeré ni Ardith Vance àti Nelda Croom ti ń ṣọ̀rẹ́. Àwọn méjèèjì ló ní ọgbà tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń gbé ọkọ̀-ilé wọn sí, àwọn ọkọ̀ gbọọrọ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ìdáná nínú. Ti Ardith wà nísàlẹ̀, létí odò gan-an. Ti Nelda wà lókè, lábẹ́ igi óákù. Nígbà tí Dewey, ọkọ Ardith, kú, odidi oṣù méjì ni Nelda fi ń gbé oúnjẹ wá fún un. Òun náà ló ń bá a gé koríko ọgbà kí àlejò má baà sá.

Nígbà tó yá, Nelda kọ́ balùwẹ̀ tuntun, omi gbígbóná ń dà nínú rẹ̀ ṣọ̀ọ̀ṣọ̀. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀-ilé bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, òkè ló ń yà sí. Ardith á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kọfí á tutù mọ́ ọn lọ́wọ́, á máa wo ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn.

Ṣé Ardith kò lè kọ́ balùwẹ̀ tirẹ̀ ni? Ó lè kọ́ ọ. Ìlara ni kò jẹ́.

2.
Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń yan ibi tí yóò sùn mọ́ láìkọ́kọ́ ka ohun tí àwọn tó ti sùn níbẹ̀ kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Ardith fi orúkọ èké wọlé síbẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní Ìyá Ọmọ Mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, kò bímọ kankan rí. Ó kọ ọ́ pé:

“Ẹ má sùn lọ́dọ̀ Nelda o! Àwọn ọmọ mi mu omi ibẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń yàgbẹ́ gbuuru. Odò ìlú yẹn ti bàjẹ́.”

Kò pẹ́ tí àwọn àlejò Nelda fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè pé àwọn kò wá mọ́. Ọ̀dọ̀ ta ni ẹ rò pé Nelda sunkún lọ?

“Ardith, ta ni mo ṣẹ̀? Ta ló kórìíra mi tó báyìí?”

“Má dá wọn lóhùn jàre, ọ̀rẹ́ mi. Ayé ló burú.”

Ó gbá a mọ́ra. Ó gé páì ápù tó yan fún un jẹ. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò sì parí tó fi kọ irọ́ mìíràn.

3.
Ìjọba yẹ omi Nelda wò, wọ́n ní ó mọ́ lóló. Nelda lẹ ìwé wọn mọ́ ẹnu géètì. Ta ló wà níbẹ̀ tí yóò kà á? Àwọn èèyàn kò rántí orúkọ Nelda mọ́ pàápàá, odò Haskett Ferry ni wọ́n ń sọ pé ó bàjẹ́. Àfi bí fóònù Ardith náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn àlejò tirẹ̀ ló ń pè.

“Màmá, ṣebí odò kan náà lẹ jọ wà létí rẹ̀?”

“Omi tèmi mọ́! Mo fi Ọlọ́run búra!”

“Ẹ má bínú, àwọn ọmọdé wà pẹ̀lú wa.”

Ọkùnrin tó ń ta ìwọ̀ àti ekòló kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ilé oúnjẹ tí a ti ń din ẹja àrọ̀ ti ìlẹ̀kùn pa. Èmi tí mò ń gbé àwo níbẹ̀, ilé ni mo lọ jókòó sí. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí Ardith jẹ́wọ́.

4.
Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa jókòó sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, à ń fi fóònù wa kọ ọ̀rọ̀ rere nípa ọgbà Nelda sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Corinne, ọmọ Nelda, ló kó wa jọ.

“Àǹtí Ardith, tiyín ló kù. Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ omi yẹn jù.”

Ojú gbogbo wa wà lára rẹ̀. Ardith yọ fóònù. Ó kọ ọ́ pé: “Ogójì ọdún ni mo ti ń mu omi Nelda. Kò sí omi tó dùn tó o.” Ó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Corinne rí i lórí fóònù tirẹ̀, ó ń kà á sókè tẹ̀ríntẹ̀rín. Lójijì, ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú. Orúkọ tó wà lókè ọ̀rọ̀ náà ni Ìyá Ọmọ Mẹ́ta. Ardith ti gbàgbé láti jáde kúrò nínú orúkọ èké rẹ̀.

Nelda gba fóònù náà, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Ardith, ìwọ ni?”

“Nelda, iṣẹ́ èṣù ni…”

“Èṣù kò ní fóònù. Mo ní, ìwọ ni?”

“Èmi ni.”

Nelda kò pariwo. “Mo wá sunkún lọ́dọ̀ rẹ, o gé páì fún mi.” Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

5.
Ardith pa gbogbo irọ́ náà rẹ́. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ kọ òótọ́. Àwọn èèyàn ní Nelda ló bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́. Ẹgbẹgbẹ̀rún ti pín irọ́ náà kiri, kò sẹ́ni tó pín òótọ́.

Nelda ta ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń wa òkúta, ó bá Corinne lọ sí ìlú Tulsa. Lọ́jọ́ tó ń lọ, Ardith dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń juwọ́. Nelda kò yíjú. Àwọn awakùsà gé igi óákù wọ̀nyẹn lulẹ̀, eruku wọn sì bo ọgbà Ardith tó ti di ahoro.

Nígbà òtútù, Ardith ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi, egungun ìdí rẹ̀ ṣẹ́. Àárọ̀ ló ṣubú, ọ̀sán ni ẹni tó ń pín lẹ́tà tó rí i. Tẹ́lẹ̀, Nelda kì í jẹ́ kílẹ̀ mọ́ tán kó tó wá kí i.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló wà báyìí. Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kan. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: “Ṣé Nelda béèrè mi?”

Mo wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí iṣẹ́ ẹnìkejì yín bá ń tà ju tiyín lọ, ẹ tún tiyín ṣe. Ẹ má fi ìka ba ti ẹlòmíràn jẹ́, torí ọ̀rọ̀ tí a bá tẹ̀ jáde kò ṣeé kó padà. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.