Adétúnbọ̀ Tó Fẹ́ Borí Oòrùn

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ kà á tán. Ẹ má fò ó láàárín. Bí ẹ bá ní ìyá tàbí ìyá àgbà nílé, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Ayàwòrán ni Adétúnbọ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Ọwọ́ rẹ̀ dára, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ló wá tóbi ju ọwọ́ lọ. Nígbà tó ra fíláàṣì tuntun, ìlú kò sinmi mọ́. Fíláàṣì yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ya àwòrán ìkómọ o. Ọ̀sán gangan ló ń lò ó. Kámẹ́rà á ṣí, á pa dé, kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò ní ráyè wọlé tán, iná fíláàṣì á sì tàn yòò sójú ẹni tí ó ń yà. Nínú àwòrán náà, ojú ọ̀run á dúdú bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ojú onítọ̀hún nìkan ni yóò máa dán.

"Oòrùn gan-an ń bẹ̀rù mi," ni Adétúnbọ̀ máa ń wí. Àwọn ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ayélujára ní kó fi han àwọn. Ó ní kí wọ́n máa retí òun.

2.
Ta ló fẹ́ yà? Màmá Ọ̀ṣuntóyìn ni, ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Màmá yìí ló tọ́ òun àti Tẹ́júọlá àbúrò rẹ̀ dàgbà nígbà tí ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ilà ojú rẹ̀ sì jinlẹ̀, irú ojú tí ayàwòrán ń wá kiri.

"Màmá, mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ yín."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, ayé wo ló kù tí kò tíì mọ̀ mí? Ṣùgbọ́n bó bá máa dùn mọ́ ẹ nínú, jẹ́ ká lọ."

Ẹ ò rí i? Ìfẹ́ ló mú màmá dìde.

3.
Ó fi ọkọ̀ gbé màmá àti Tẹ́júọlá lọ síbi àpáta pẹrẹsẹ kan lójú ọ̀nà Ọ̀rà. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ń sá láfún sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin tó mọ bí láfún ṣe ń yára gbẹ níbẹ̀, ẹ mọ irú oòrùn tí mò ń wí. Tẹ́júọlá na agboòrùn sórí màmá.

Adétúnbọ̀ ya bíi mélòó kan, ó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó fò sókè. Ojú ọ̀run ti dúdú! Àmọ́ kò tíì tó o, ó fẹ́ kó dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé agbára fíláàṣì dé góńgó, ó ń yà, ó ń yà, títí fíláàṣì fi gbóná tí kò tàn mọ́. Irú iná bẹ́ẹ̀, bó bá ti gbóná jù, àfi kó sinmi.

"Tẹ́jú, gbé agboòrùn yẹn wá. Fíláàṣì ti gbóná, jẹ́ n fi bò ó."

"Bọ̀ọ̀dá mi, màmá ńkọ́?"

"Màmá, ẹ má kúrò lójú kan náà o! Ibi tí ẹ dúró sí yẹn gan-an ló dára. Ó ku díẹ̀."

Ó fi agboòrùn bo iná. Ó bọ́ fìlà, ó ń fi fẹ́ ẹ. Màmá dúró sínú oòrùn. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò ní fi pa mọ́.

4.
Nígbà tí fíláàṣì tún tàn, Adétúnbọ̀ kò wo màmá mọ́, ẹ̀yìn kámẹ́rà ló ń wò. Ilẹ̀ ti ń ṣú níbẹ̀, ó dà bíi pé atẹ́gùn tútù ń fẹ́. Òógùn ń dán lójú màmá bí epo. Adétúnbọ̀ gbàgbé pé inú àwòrán nìkan lòun ti borí oòrùn. Ẹnu màmá là díẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màmá! Ẹ má pa ẹnu dé!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Bí iná ṣe kọ mànà báyìí, màmá ṣubú. Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, Adétúnbọ̀ fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí dókítà tó jáde, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

5.
Ayé yin àwòrán náà. Ẹnìkan kọ ọ́ pé, "Ara màmá yìí mà tutù o!" Ẹlòmíràn ní orin ni màmá ń kọ. Ẹlòmíràn ní àdúrà ni. Oòrùn tó pa màmá kò hàn níbì kankan níbẹ̀.

Àwòrán náà ni wọ́n fi ṣe pósítà ìsìnkú. Ìyá wọn tó ti Èkó dé dúró níwájú rẹ̀, ó fọwọ́ kan ètè ìyá rẹ̀ lára ògiri.

"Túnbọ̀, kí ni ìyá mi ń sọ níbí?"

Tẹ́júọlá bú sẹ́kún.

"Omi ni, Màámi. Omi ni wọ́n ń tọrọ. Mo ti ń sáré lọ gbé e wá nídìí ọkọ̀ nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi tẹ kámẹ́rà."

Ìyá wọn padà sí Èkó láìdágbére fún Adétúnbọ̀. Ṣọ́ọ̀bù Adétúnbọ̀ ti wà ní títì láti ìgbà náà. Ó pa àwòrán náà rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lára ògiri gbogbo ìbátan, láti Ìlá dé Ọ̀tan Ayégbajú. Ilé tó bá yà sí, màmá á lanu sí i láti inú òkùnkùn. Wọ́n á gbé omi àlejò ka iwájú rẹ̀, kò ní lè mu ún.

Ẹ̀yin ayàwòrán, àti gbogbo ẹ̀yin tó ń fi fóònù ya òbí yín kí ayé lè yìn yín, mo bẹ̀ yín: ẹ gbójú kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ wo ẹni tó dúró níwájú yín. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Kò sí ìyìn tó tó ẹ̀mí ènìyàn. Àwọn àgbà kò parọ́: àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.