Ayaba Mẹ́rin Lọ́wọ́ Onígbàjámọ̀

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni onígbàjámọ̀ lọ gba ìdáhùn nílé àwọn àna rẹ̀. Ó fẹ́ kí ìgbéyàwó náà wáyé kí àwọn ọmọ iléèwé tó gba ìsinmi. Aránṣọ tó fẹ́ fẹ́ ò bi í léèrè ìkánjú. Ó rò pé ìfẹ́ ni. Nǹkan kan ṣoṣo ló ti bi í rí, pé ṣé kò níyàwó níbi tó ti wá. Onígbàjámọ̀ fa etí òsì, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ta ni yóò fẹ́ aláìní bíi tèmi?" Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Bàbá aránṣọ, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ti da káàdì sórí tábìlì. Nílé yẹn, wọn kì í fọmọ fún ọkùnrin tí wọn ò tíì bá ta pókà. Bọ́tìnnì aránṣọ ni wọ́n fi ń ta á dípò owó.

"Bí o bá kó gbogbo bọ́tìnnì yìí," ni bàbá wí, "oṣù yìí la ó ṣe é. Bí èmi bá kó o, ó dọdún tó ń bọ̀." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, dúró sẹ́yìn ọkọ rẹ, máa bu omi fún un. Máa wo ọwọ́ rẹ̀. N ò gbọdọ̀ gbọ́ ohùn rẹ."

"Bí wọ́n ṣe ṣe fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà nìyẹn," ni àbúrò bàbá, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà, wí. "Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Ó pàdánù títí dórí bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, a ṣì fún un níyàwó."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín. Òun kọ́ ni yóò gbọ̀n.

Wọ́n ta á títí, kò sẹ́ni tó borí. Ìgbà tí bàbá tún pín káàdì, onígbàjámọ̀ ṣí tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ayaba ni. Ayaba ni. Ayaba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àkópọ̀ káàdì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ borí gbogbo yòókù, tí èèyàn lè ta pókà dogbó kó má rí i.

Ó rò ó. Bó bá ti gbogbo bọ́tìnnì síwájú, adìyẹ tó rí ọ̀bẹ á sá. Bó bá sì dákẹ́ jù, àwọn náà á dákẹ́. Kó máa tẹ̀lé wọn bí ẹni tí wọ́n ń fipá wọ́ lọ, ìyẹn ló dáa jù.

Ó wo bàbá. Ó wo wẹ́dà. Kò rí ẹlòmíràn tó yẹ kó wò.

Ó fa etí òsì. Ó mí kanlẹ̀.

"Káàdì yìí kórìíra mi," ó ní.

"Sọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà," ni wẹ́dà wí. "Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ a máa bọ́ ọ."

"Ojú ló ń tì mí, sà. N ó kàn máa tẹ̀lé yín."

Bàbá fi ẹ̀kúnwọ́ bọ́tìnnì síwájú. Onígbàjámọ̀ mi orí, ó fi tirẹ̀ lé e. Ó na ọwọ́ sí ife. Ife ti gbẹ, kò sì sẹ́ni tó bu omi sí i.

Wẹ́dà da káàdì tirẹ̀ nù. "Ẹ̀yin méjèèjì ẹ máa pa ara yín."

Bàbá gbójú sókè, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn àlejò fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti gbogbo bọ́tìnnì tó kù síwájú. "Ó parí. Kí lo wí?"

Onígbàjámọ̀ tún fa etí, ó tún mí kanlẹ̀, ó tẹ̀lé e. Ó wá to àwọn ayaba náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá fọwọ́ lu tábìlì, ó rẹ́rìn-ín. "O jẹ mí mọ́lẹ̀. Oṣù yìí ni, ní tèmi."

"Ẹ ò bínú, bàbá?"

"Kí ni n ó máa bínú sí? Èmi kọ́ lo fẹ́ fẹ́."

Onígbàjámọ̀ yí sẹ́yìn tẹ̀ríntẹ̀rín.

Aránṣọ kó bọ́tìnnì rẹ̀ padà sínú agolo, ó dé e, ó fa etí òsì tirẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó wá bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ìyálé mi ńkọ́, ọmọ mélòó ló ti bí fún yín?"