Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Mọ Mọ́tò Wà

Obìnrin náà dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní òun fẹ́ kọ́ mọ́tò. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sanra díẹ̀, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà Mọ́tò wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kò burú. Ìyàwó rẹ̀ ló júwe ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún un, ta ni yóò sì dá àlejò ìyàwó rẹ̀ padà?

Akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀ mọ́ lọ́dọ̀ Tíṣà. Lọ́dún tó kọjá ni mọ́tò yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú òjò, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lẹ́yìn ọjà, tó sì já sínú gọ́tà. Kò sẹ́ni tó kú. Iná iwájú kan ṣoṣo ló fọ́, wọ́n sì ti pààrọ̀ rẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n nínú orí Tíṣà, mọ́tò náà kò tíì dúró. Bó bá ń jẹun, ó ń yọ̀ lọ. Bó bá dùbúlẹ̀, ó ń yọ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò jókòó sídìí sítíárì mọ́. Ẹ̀gbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jókòó sí, níbi tí bíréèkì kejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnu ló sì fi ń kọ́ni. Bí wọ́n bá bi í, á ní ẹ̀yìn ló ń dun òun.

Ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ ní ìlú kejì, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wọ ọkọ̀ èrò lọ. Tíṣà ní iṣẹ́ ò jẹ́ kóun ráyè.

“Iṣẹ́ wo?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Iṣẹ́ ni.”

Ọmọ náà ti hu eyín báyìí, nínú fọ́tò nìkan ni bàbá àgbà ti ń rí i.

Lójú Tíṣà, orí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun yìí le ju òkúta lọ. Bó bá ní kó tẹ kílọ́ṣì, bíréèkì ló máa tẹ̀. Bó bá ní ọ̀tún, òsì ló máa yà sí. Ní pápá tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, ó gbá agolo òfìfo, ó gbá táyà àlòkù tí wọ́n fi ṣe àmì, ṣùgbọ́n kò gbá ewúrẹ́ kankan, bẹ́ẹ̀ sì ni ewúrẹ́ kún ibẹ̀ bámúbámú. Tó bá ti wọlé, díńgí ló kọ́kọ́ máa ń tún ṣe. Ìyẹn nìkan ló mọ̀ láìjẹ́ pé Tíṣà kọ́ ọ.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà á kí n wò ó.”

“Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, mà. Ẹ ṣáà fetí sílẹ̀.”

“Etí mi ń gbọ́. Ọwọ́ mi ni kò gbọ́ èdè yín.”

Tíṣà fi igi ya ojú títì sórí yẹ̀pẹ̀. Ó fi ìdérí ìkòkò ṣe sítíárì. Obìnrin náà di ìdérí mú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ó ti yé òun. Ó padà wọ mọ́tò, ó tún gbá agolo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n bọ́ sí títì, obìnrin náà ní òun fẹ́ gba ẹ̀yìn ọjà. Kí Tíṣà tó rí ọ̀rọ̀ fi dá a dúró, ó ti yà síbẹ̀ wẹ́rẹ́. Láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, mọ́tò kú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lẹ́yìn wọn tó ń fọn fèrè bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Obìnrin náà fa bíréèkì ọwọ́ sókè, ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀.

“Mi ò ṣe mọ́, Tíṣà. Àyà mi ń já.”

“Ẹ wọlé, mà! Ta ni àyà rẹ̀ kì í já? Ẹ jẹ́ kó máa já. Àyà kọ́ ló ń wa mọ́tò, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni.”

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. “Ṣé ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn?”

Fèrè tún dún. Obìnrin náà rìn yí iwájú mọ́tò ká, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóde, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n sún fún òun.

Tíṣà sún sídìí sítíárì, obìnrin náà sì wọlé. Tíṣà di sítíárì mú. Nínú orí rẹ̀, mọ́tò ti ń yọ̀ lọ. Lábẹ́ ìdí rẹ̀, ó dúró sójú kan. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, ó jẹ́ kó máa lù. Ó ṣáná sí i, ó tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Mọ́tò fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ṣe ohun tó yẹ kí òun fúnra rẹ̀ tó rò ó. Mọ́tò gun òkè.

Lókè, ó yẹ kó dúró kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ọkọ̀ padà. Kò dúró. Ó kọjá ilé ẹ̀kọ́, ó kọjá ilé epo, ó já sí títì ńlá, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ lójú. Obìnrin náà ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àga, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n.

“Ẹ̀yìn yín ńkọ́, Tíṣà?”

“Ẹ̀yìn wo?”

Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di Sátidé, Tíṣà fọ mọ́tò, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ìlú kejì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbá a nímú mú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, ó ń ròyìn fún àna rẹ̀ ọkùnrin.

“Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ò wá mọ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Obìnrin dáadáa ni o, ṣùgbọ́n mọ́tò? Láéláé!”

Omi tí ìyàwó rẹ̀ ń mu há a lọ́fun, ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dìde.

Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó pe obìnrin náà lórí fóònù, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Ọ̀rẹ́ mi, òun ló wa mọ́tò débí o, ó yá, ìsinmi tó o gbà ti tó, padà sídìí tírélà tó o ti ń wà láti ìgbà tá a ti wà lọ́mọge.”