Igi Olódòdó Inú Àkùrọ̀

Àgbẹ̀ náà tún gbá ìdí igi kékeré olódòdó funfun náà mú, ó ń fà á bí ẹni ń bá ènìyàn jà. Etí odò ni irú igi bẹ́ẹ̀ ti máa ń hù, ṣùgbọ́n èyí dúró sáàárín àkùrọ̀ tó fi ń gbin ata nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Okaka. Bó bá ti hú u dànù ló tún ń bá òmíràn níbẹ̀, tí wọ́n ti tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u.

“Ta ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an?” ló ń kùn.

“Èmi ni.”

Ó yíjú padà. Ìyá rẹ̀ ló dúró láàárín poro, ó mú irú igi kan náà lọ́wọ́, omi ń kán lára gbòǹgbò rẹ̀.

“Màámi, kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ ṣáà mọ̀ pé ata yìí la fi ń jẹun.”

“Mo mọ̀. Má hú u mọ́. Àkọ́bí mi ni wọ́n sin síbẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín tí kò dénú. “Ṣebí èmi ni àkọ́bí yín.”

“Bí bàbá rẹ ṣe ní ká máa wí nìyẹn. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á.”

Ó wo ihò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hú igi kúrò níbẹ̀. Inú ṣì ń bí i, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tí òun yóò bínú sí mọ́.

“Kí lẹ sọ ọ́?”

“Kò dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.”

Ó gba igi náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e sínú ihò, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn nídìí.