Oyin Inú Afárá

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni Mojírọ́lá máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti wo àwòrán ọkọ rẹ̀ olóògbé, tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń mú sọ̀rọ̀, tó ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òfin ti sọ ohùn olùkọ́ di ti yunifásítì, bó kú, bó yè.

Lọ́jọ́ yìí, ọmọge kan dáhùn ìbéèrè. Àwòrán náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O káre, oyin inú afárá mi!"

Àyà Mojírọ́lá já. Inú yàrá wọn nìkan ni ọkọ rẹ̀ ti máa ń pè é bẹ́ẹ̀! Àṣé yunifásítì ti fa ọ̀rọ̀ inú fóònù ọkọ rẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ! Ó fò dìde.

"Oyèkúnlé! Èmi nìkan lò ń pè bẹ́ẹ̀!"

Àwòrán náà yíjú sí i, ojú rẹ̀ tutù bíi ti àtijọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé ẹ forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì yìí?"